Láti Odò Haho dé Etíkun Lomé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

Nínú ìtàn tí àwọn Ewe ń sọ nípa Notsé ní ilẹ̀ Togo, omi ìdọ̀tí ló tú ìlú náà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ọba Agokoli mọ ògiri yí ìlú ká, ó sì ń ni àwọn ará ìlú lára. Nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́, àwọn àgbà sọ fún àwọn obìnrin pé omi tí wọ́n bá fi fọ aṣọ àti èyí tí wọ́n fi ṣan abọ́, ojú kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa dà á sí lára ògiri. Wọ́n ń dà á láàárọ̀, wọ́n ń dà á lálẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì fura. Nígbà tó yá, amọ̀ rọ̀, wọ́n fi idà gún un, ihò là, gbogbo ìlú gba ibẹ̀ jáde lóru. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi rìn, kí ẹni tó bá tọ ipa ẹsẹ̀ wọn lè rò pé ńṣe ni wọ́n ń wọlé. Àwókù ògiri Agbogbo yẹn ṣì wà ní Notsé, inú oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún sì ni àwọn Ewe máa ń pàdé níbẹ̀ fún ọdún Agbogbo-Za.

Notsé kò ní etíkun. Ojú títì tó ti Lomé lọ sí Atakpamé ló wà, ó sì tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí òkun. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti òkun mu bí èyí. Ohun tó ń pa òkun lára kì í sábà jẹ́ ìjàǹbá ńlá tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò. Ohun tí wọ́n ń dà nù díẹ̀díẹ̀ ni, lójoojúmọ́, láìsí ẹni tó fura. Apá kan ń ti ìlú òkè wá, apá kejì ń ti abẹ́ ọkọ̀ wá. Ẹni tó ní ọkọ̀ lórí omi ló dúró sí àárín méjèèjì, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí i.

Àwọn tó sá kúrò ní Notsé ni wọ́n so ìlú náà mọ́ òkun. Àwọn Anlo, ẹ̀yà Ewe kan, sọ̀ kalẹ̀ títí dé Keta, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ní Ghana òní. Ibẹ̀ ni ọmọ àgbẹ̀ ti di apẹja tí gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀. Òkun kan náà ló wá padà jẹ apá tó pọ̀ nínú ìlú Keta, débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ìjọba Ghana ní láti kó òkúta ńláńlá sétí omi kí èyí tó kù má baà lọ.

Ìtàn ọkọ̀ mìíràn wà ní Notsé tí kò yẹ kó parẹ́. Ní ọdún 1900, ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee tí Booker T. Washington ń darí ní Alabama bá àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń ṣàkóso Togo nígbà náà, ṣe àdéhùn láti rán àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà wá sí Togo, kí wọ́n wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀gbìn òwú. James Calloway ló ṣíwájú wọn, John Robinson sì wà láàárín wọn. Lomé kò ní èbúté nígbà náà. Ọkọ̀ ńlá á ju ìdákọ̀ró sí ọ̀ọ́kán, àwọn atukọ̀ ilẹ̀ wa á fi ọkọ̀ kékeré lọ gbé èrò àti ẹrù, wọ́n á máa fi àjẹ̀ jà láàárín ìgbì títí wọ́n á fi dé orí iyanrìn. Ní 1902, nígbà tí àwọn ará Tuskegee mìíràn ń bọ̀ wá bá àwọn tó ti ṣáájú, ìgbì dojú ọkọ̀ wọn dé, méjì nínú wọn sì bá omi lọ kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Togo. Robinson ti gúnlẹ̀ ní tirẹ̀. Ní 1904 ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn òwú ní Notsé, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi agbègbè Togo ti wá kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1909, ọkọ̀ dànù mọ́ òun náà lórí odò. Ọkùnrin tó la òkun Atlantic já, odò ló gbé e lọ.

Ọdún 1904 kan náà ni àwọn ará Jámánì parí afárá irin tó wọnú òkun lọ ní Lomé, kí ọkọ̀ lè máa já ẹrù láìbá ìgbì jà. Aṣọ agbẹ́mìíró tó ń mú èèyàn léfòó kò wọ́pọ̀ láyé Robinson. Ó wọ́pọ̀ lónìí, kò sì wọ́n ju ohun tí ọ̀pọ̀ ń ná sórí fóònù lọ. Síbẹ̀, láti adágún Togo dé ọ̀sà Èkó, àwọn èrò ṣì ń jókòó sínú ọkọ̀ láìwọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìlera omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ẹni tó wọkọ̀ padà sílé láyọ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé òkè Atakpamé jìnnà jù fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, kó rántí Kamina. Lẹ́bàá Atakpamé, nítòsí ibi tí àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ana ti tẹ̀dó tipẹ́, ni àwọn ará Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí, tó ń bá Nauen ní ilẹ̀ Jámánì sọ̀rọ̀, tó sì ń ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ wọn lórí òkun Atlantic. Ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1914 ni wọ́n fọwọ́ ara wọn wó o, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sún mọ́ ìtòsí. Ìlú òkè ti ń bá òkun sọ̀rọ̀ tipẹ́.

Odò ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ nísinsìnyí. Odò Haho, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe agbègbè ìjọba tí Notsé jẹ́ olórí rẹ̀, ń ṣàn lọ sí gúúsù títí ó fi wọ adágún Togo. Odò Zio náà ń wọ ibẹ̀. Láti inú adágún, omi á gba ọ̀sà tóóró lọ sí Aného, níbi tó ti ń bọ́ sínú òkun. Ohunkóhun tó bá léfòó ní gọ́tà Notsé lẹ́yìn òjò ńlá ti wà lójú ọ̀nà yẹn: ọ̀rá omi tí ọmọ fi eyín ya tó jù sílẹ̀, ike òróró, bàtà tó ti já. Òwú tí Robinson wá kọ́ wọn ní ọ̀gbìn rẹ̀ ṣì wà ní ilẹ̀ náà, òwú sì wà lára àwọn irè oko tó ń gba oògùn apakòkòrò jù lọ. Bí òjò bá ti fọ ewé, àgbàrá á kó oògùn sínú odò. Ike oògùn tó ti tán, tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu oko, á tẹ̀lé e.

Ní Agbodrafo, àwọn awakọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá adágún lọ sí Togoville kò nílò ẹ́ńjìnnì. Adágún náà kò jìn, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀. Ẹni tó ń tukọ̀ á ki ọ̀pá bọ ẹrẹ̀, á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á sún, á tún fà á yọ. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ mọ ìsàlẹ̀ omi lójoojúmọ́. Ó mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ga sí i, ó mọ ibi tí ọ̀pá ti máa ń fa ọ̀rá dúdú jáde. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn omi tó mọ adágún tó ẹni yẹn. Ó dunni pé nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìwé nípa adágún Togo, wọn kì í sábà bi atukọ̀ ní ìbéèrè.

Nítòsí ibẹ̀, ní Kpémé, òkun yí àwọ̀ padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń wa fọ́sífétì ní Hahotoé, tí wọ́n ń fi rélùwéè gbé e wá sétí òkun láti fọ̀, tí wọ́n sì ń da ẹrẹ̀ tó kù padà sínú òkun. Omi tó yẹ kó jẹ́ búlúù di pupa rúsúrúsú. Nínú ẹrẹ̀ yẹn ni kádímíọ̀mù wà, irin olóró kan tó máa ń kó sínú kíndìnrín, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Togo sì ti rí i nínú ẹja àti nínú àwọn ẹran oníkarahun etíkun náà. Òwò fọ́sífétì ń mú owó wọlé fún orílẹ̀-èdè, èyí kò ṣe é jáníyàn. Ẹja tí ìyá kan rà lọ́jà Aného náà kò ṣe é fojú di.

Iyanrìn ló wá kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìlú òkè ti wọnú ara wọn jù lọ. Ní gbogbo etíkun láti Ghana dé Èkó, ìgbì máa ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, ó máa ń fẹ̀gbẹ́ kọ lu ilẹ̀, ó sì máa ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Ní Togo, iyanrìn tó ń gbabẹ̀ kọjá lọ́dún kan tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan kùbíìkì mítà. Odò Volta ló ń pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀, odò Mono sì ń pèsè tirẹ̀ sí i ní apá ìlà-oòrùn. Etíkun náà kò dúró sójú kan rí. Ó ń ná tirẹ̀, ó sì ń gbà padà.

Lẹ́yìn náà ni ènìyàn dá sí i. Ní 1965, Ghana sé odò Volta ní Akosombo, ẹrẹ̀ àti iyanrìn tó yẹ kó dé òkun sì ń jókòó sẹ́yìn ògiri. Ní 1987, Togo àti Benin jọ parí ìsédò Nangbéto lórí odò Mono, kò jìnnà sí Atakpamé. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ tó 180 kìlómítà níbùú lóròó, ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè pèsè iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 65. Iná yẹn dé ilé púpọ̀. Ṣùgbọ́n odò tó máa ń kún nígbà òjò tó sì máa ń gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ wá ń ṣàn yípo ọdún bí wọ́n bá ṣe ń ṣí omi sílẹ̀, iyanrìn rẹ̀ sì ń kù sẹ́yìn ìsédò. Láàárín àwọn ọdún méjèèjì yẹn, ní 1968, èbúté Lomé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ògiri òkúta rẹ̀ wọnú òkun lọ kí ọkọ̀ ńlá lè ríbi sá sí lọ́wọ́ ìgbì, ó sì dá iyanrìn dúró. Ní ìwọ̀-oòrùn èbúté, etíkun fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní ìlà-oòrùn, òkun ń gba ohun tí wọn kò jẹ́ kó rí gbà: ilẹ̀ Baguida, ti Gbodjomé, ti Agbodrafo, títí dé Aného. Àgbọn lọ, ilé lọ, itẹ́ òkú lọ, apá kan lára ojú títì àtijọ́ náà lọ. Láwọn ibòmíràn, ilẹ̀ tó ń lọ lọ́dún kan ju mítà márùn-ún lọ. Togo ò sì ní etíkun tó ju nǹkan bí 50 kìlómítà péré.

Èkó ti rí irú èyí ṣáájú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ṣe ògiri sí ẹnu ọ̀sà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kí ọkọ̀ lè wọlé, ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bar Beach, ni òkun yíjú sí. Èbúté Cotonou náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àdúgbò tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2017 nìkan, ìbàjẹ́ etíkun ná Benin, Côte d'Ivoire, Senegal àti Togo ní bílíọ̀nù dọ́là 3.8, èyí tó ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí wọ́n pèsè lọ́dún náà.

Kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n wó èbúté Lomé. Omi rẹ̀ jìn ju 16 mítà lọ, ọkọ̀ kóńtẹ́nà tó tóbi jù lára àwọn tó ń ná etíkun wa sì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹrù Burkina Faso, Mali àti Niger ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbé òkun ìlú mìíràn dání. Bí ọkọ̀ bá ti já ẹrù, ó gbọ́dọ̀ fa omi sínú ikùn rẹ̀ kó má baà fì. Níbi tó bá ti fẹ́ kó ẹrù ni yóò ti tú omi náà dà, pẹ̀lú ẹyin ẹja, kòkòrò àti èso koríko tó wà nínú rẹ̀. Báyìí ni ìkarahun kékeré kan láti agbègbè Òkun Dúdú ṣe dé àwọn adágún ńlá Amẹ́ríkà, tí wọ́n rí i níbẹ̀ ní 1988, tó sì dí páìpù omi àwọn ìlú ńlá. Òfin àgbáyé lórí omi ikùn ọkọ̀ jáde ní 2004, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́tàlá gùn jù fún ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lè rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá ni gbogbo èyí. Kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Arcachon, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Omi tó wọ ilẹ̀ wá níbẹ̀ pa rọ́rọ́, àwọn ará ìlú sì ń sin ọ́ísítà nínú rẹ̀ láti ìran dé ìran. Láti àárín àwọn ọdún 1970, ọ́ísítà wọn kò bímọ mọ́. Èyí tó dàgbà, ìkarahun rẹ̀ ń nípọn bí ẹni ń di ìwé léra, ẹran inú rẹ̀ sì ń kéré. Wọ́n wá ẹni tó fa á, wọn ò rí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń da ìdọ̀tí ńlá sómi. Ọ̀dà ni. Ọ̀dà tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun àti ọkọ̀ fàájì ṣeré ń kùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọn kí ìkarahun àti koríko má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Èròjà kan tó ń jẹ́ TBT wà nínú rẹ̀, díẹ̀ bíńtín rẹ̀ nínú omi sì tó láti ba ọ́ísítà jẹ́. Ní oṣù kìíní 1982, ìjọba Faransé fi òfin de ọ̀dà náà fún ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 25. Láàárín ọdún díẹ̀, ọ́ísítà tún ń bímọ. Gbogbo ayé ò fi òfin dè é pátápátá títí di 2008.

Àwọn tó ṣe é kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ omi, ìdí tí wọ́n fi ra ọkọ̀ nìyẹn.

Ó yẹ ká wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ èrò nílẹ̀ wa ló ń lo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po epo bẹntiróòlù àti ọ́ìlì pọ̀ fún. Awakọ̀ á da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì, á mi í, á fi rọ́bà fà á sínú ẹ́ńjìnnì. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lágbára, ó rọrùn láti tún ṣe, kò sì wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin epo tó bá mu lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde láìjóná. Ohun tó ń yọ bí òṣùmàrè lójú omi ní àárọ̀ nìyẹn, owó awakọ̀ náà ló sì ń ṣòfò. Irú ẹ́ńjìnnì tuntun, tí wọn kì í po epo fún, ń mu epo díẹ̀, ariwo rẹ̀ sì kéré. Ó wọ́n lọ́jà. Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ tó bá lè dá àjọ owó láti ra irú rẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ jẹun yóò ṣe omi láǹfààní ju pátákó ìkìlọ̀ mẹ́wàá lọ. Omi tó bá sì gbára jọ sínú ọkọ̀, tí ọ́ìlì ti pò mọ́, inú kẹ́ẹ̀gì ni ibi tó yẹ kí wọ́n gbọ́n ọn sí, kí wọ́n gbé e lọ sílẹ̀. Wọ́n ń gbọ́n ọn sódò báyìí, ní gbogbo èbúté, lójú gbogbo ayé.

Ìjàǹbá ńlá náà wà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ti kékeré bò ó. Ní 1988, wọ́n rí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní Koko, ní apá gúúsù Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹjọ 2006, ọkọ̀ Probo Koala já ìdọ̀tí ní Abidjan, wọ́n sì dà á káàkiri ìlú. Àwọn tó lọ sí ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀ ju 100,000 lọ, àwọn kan sì kú. Ní oṣù Kejìlá 2011, nǹkan bí àgbá 40,000 epo rọ̀bì tú sí òkun ní Bonga, lọ́ọ̀ọ́kán etíkun Nàìjíríà. Ní Lomé gan-an, ní 15 oṣù Kẹwàá 2016, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé, wọ́n sì gba ìwé àdéhùn lórí ààbò òkun wọlé. Ìwé dára. Ohun tó ń fún ìwé lágbára ni ẹni tó wà lórí omi tó rí ọkọ̀ tó ń tú nǹkan dà, tó ya fọ́tò rẹ̀, tó kọ orúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀, tó sì mọ ẹni tó yẹ kó pè.

Fún Yorùbá tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, Ayétòrò wà lọ́kàn. Ní 1947 ni àwọn Ìlàjẹ onígbàgbọ́ tẹ ìlú náà dó sétí òkun ní ilẹ̀ Òǹdó òní. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ tiwọn fúnra wọn. Òkìkí wọn kàn. Lónìí, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé wọn, ó sì ń bọ̀ sí i. Ìlú tó mọ ọkọ̀ kàn kò ní agbára láti dá òkun dúró nìkan.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ṣá. Ètò WACA, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó rẹ̀ ní 2018 fún orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Togo àti Benin pẹ̀lú, ti to òkúta, ó sì ti kó iyanrìn padà sí etíkun tí wọ́n jọ pààlà. Ní 2017, UNESCO ka àgbègbè ẹnu odò Mono mọ́ àwọn ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò, ní Togo àti Benin papọ̀. Igi ẹ̀gbà wà níbẹ̀, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta jáde lójú omi, tí àwọn ọmọ ẹja sì ń sá sí lábẹ́. Ìjàpá òkun ń yé ẹyin sórí iyanrìn rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tó bá ń kọjá níbẹ̀, kó dín eré kù. Ìgbì tí ọkọ̀ bá dá ń wó etí odò, ẹ́ńjìnnì ń fa gbòǹgbò ya.

Èkó ti ní ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbòkun láti 1932, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣeré lórí adágún Togo sì wà. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló kù fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀: kí wọ́n kúrò létí omi, kí wọ́n gòkè lọ sí Notsé. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, àgbàrá àkọ́kọ́ ló sì ń kó ìdọ̀tí gbogbo oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ sínú Haho lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú oṣù Kejì ló yẹ kí wọ́n lọ, kí wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ òwú gba ike oògùn tó ti tán, kí wọ́n bá àwọn ọmọ ilé-ìwé gbá gọ́tà ọjà, kí wọ́n sì mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà padà wá sí Agbodrafo láti wọ ọkọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì rí ibi tí odò ìlú wọn ń lọ.